Edinburgh: àdúgbò wo ni ká dé sí fún ayẹyẹ ìgboyè, nígbà tí orúnkún ń dun Màmá?

Tẹ́jú_Agodi
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Àbúrò wa obìnrin fẹ́ gboyè ní Yunifásítì Edinburgh lóṣù Keje, McEwan Hall ni wọ́n ti máa ṣe é. Àwa mẹ́fà là ń bọ̀: Màmá àti Dádì láti Ìbàdàn, èmi àti ìyàwó mi pẹ̀lú ọmọ méjì láti Manchester. Òru márùn-ún la fẹ́ lò. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ọ̀tún ń yọ wọ́n lẹ́nu. Wọ́n lè rìn, àtẹ̀gùn ni kò bá wọn lára mu. Àwọn òbí á wọ bàálù dé. Àwa á wa mọ́tò wá, dísẹ́ẹ̀lì ọdún 2013 ni. Mo rí fúláàtì kan ní Grassmarket, máàpù sì ní ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ló wà láàárín ibẹ̀ àti McEwan Hall. Ṣé kí n gbà á? A fẹ́ ibi tí a ti lè dáná o.

Bímpé_Marchmont
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. Máàpù sọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó, kò sọ fún yín pé inú kòtò ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ìlú náà ṣe rí. Old Town, ìlú àtijọ́, jókòó sórí ẹ̀yìn òkè kan tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Orí òkè náà ni ilé olódi Edinburgh Castle wà, ó wá ń dagẹ̀rẹ́ wálẹ̀ títí dé ààfin Holyrood. Royal Mile ni títì tó tẹ̀ lé ẹ̀yìn òkè yìí. Grassmarket àti Cowgate wà nísàlẹ̀ pátápátá, lápá gúúsù. Afárá méjì ló gba orí Cowgate kọjá: George IV Bridge àti South Bridge. Lórí fóònù, ẹ ó rí i bíi pé títì méjì pàdé, bí oríta. Kì í ṣe oríta rárá. Ọ̀kan wà lókè, èkejì wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí bí ẹ ṣe fẹ́ já bọ́ láti orí ọ̀kan sí èkejì níbẹ̀. Ihò afárá mọ́kàndínlógún ni South Bridge ní, ọ̀kan ṣoṣo péré ló hàn sójú. Ilé ló bo gbogbo èyí tó kù. Ìdí nìyẹn tí àlejò fi máa ń rìn lórí rẹ̀ láìmọ̀ pé orí afárá lòun wà, tí fóònù á wá máa sọ fún un pé ó ti dé, tí ilé tó ń wá sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Láti Grassmarket dé McEwan Hall, Candlemaker Row lẹ máa gbà, òkè ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òkúta títò sì wà nílẹ̀ káàkiri àdúgbò yẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn, ti ọ̀dọ́ tí kò gbé nǹkan kan ni. Bí ẹ bá rí ọ̀nà tí wọ́n pè ní Vennel lórí máàpù, ẹ má gbà á pẹ̀lú Màmá: àtẹ̀gùn lásán ni.

Ohun kejì ni ariwo. Grassmarket àti Cowgate ni àwọn tó ń ṣe àríyá kí ìgbéyàwó tó dé máa ń kó ara wọn jọ sí ní òpin ọ̀sẹ̀, àwọn ilé ijó Cowgate sì ń ṣiṣẹ́ títí di agogo mẹ́ta òru. Àwọn fèrèsé ilé àtijọ́ wọ̀nyẹn, púpọ̀ nínú wọn, gíláàsì ẹyọ kan ni. Bí wọ́n bá ń kọrin nísàlẹ̀, bí ẹni pé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn yín ni wọ́n dúró sí.

Babájídé_EH
Mo gbà pẹ̀lú Àǹtí Bímpé. Ẹ tún wo àdírẹ́sì fúláàtì náà dáadáa. Ní Edinburgh wọ́n máa ń kọ ọ́ báyìí: 3F1, 2F2, GF1. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni àjà tí ilé náà wà, èyí tó kẹ́yìn sì ni ilẹ̀kùn tó jẹ́ lórí àjà yẹn. 3F1 túmọ̀ sí pé ẹ ó gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́ta kí ẹ tó dé ilẹ̀kùn, nítorí wọn kì í ka ilẹ̀ mọ́ ọn. GF ni ti ilẹ̀, B tàbí BF ni ti abẹ́ ilẹ̀. Bí wọ́n bá kọ "main door", ilẹ̀kùn tirẹ̀ yọ sójú títì tààrà, ẹ kò ní bá ẹnikẹ́ni pín àtẹ̀gùn.

Àwọn ilé àtijọ́ yìí kò ní ẹ̀rọ agbéniròkè, àyàfi díẹ̀ tí wọ́n sọ di hòtẹ́ẹ̀lì. Àtẹ̀gùn òkúta ni wọ́n ní, wọ́n ń yí lọ sókè, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn láti ayébáyé sì ti jẹ àárín òkúta náà wọ inú bí àwo. Bí ẹ bá tẹ ẹ̀bá rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ kò ní ibi dúró sí. Àpótí kílò 23 lórí irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ èèyàn méjì ni.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni pé àwọn èèyàn ń ka "ground floor", wọ́n á fọkàn balẹ̀. Ní Old Town, ilé kan lè wà lórí ilẹ̀ lójú títì òkè, kó sì jẹ́ àjà kẹrin lójú títì ẹ̀yìn. Ẹ béèrè pé, "Láti ibi tí tákísì ti máa já wa sílẹ̀ títí dé ibùsùn, àtẹ̀gùn mélòó?" Nọ́ńbà ni kí wọ́n fún yín. Bí wọ́n bá dáhùn pé "díẹ̀ ni", ẹ tún un béèrè.

Ìyá_Ìbejì_Leith
Ẹ wá sí Leith, ẹ jọ̀wọ́. Ìlú tó dá dúró ni Leith tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dà á pọ̀ mọ́ Edinburgh lọ́dún 1920, èbúté ni, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́jú. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni tráàmù ti ń lọ láti pápákọ̀ òfurufú tààrà, ó ń gba Haymarket, Princes Street, St Andrew Square àti Leith Walk kọjá, títí dé The Shore, Ocean Terminal àti Newhaven. Pèpéle ibùdókọ̀ àti ilẹ̀ inú tráàmù jọ dọ́gba, nítorí náà Màmá kò ní gbẹ́sẹ̀ sókè rárá, àpótí á sì máa yí wọlé. Kò sí ọkọ̀ mìíràn nínú ìlú yìí tí mo lè sọ bẹ́ẹ̀ fún.

Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó wọlé. Ẹ̀rọ rẹ̀ wà níbùdókọ̀. Ibùdókọ̀ pápákọ̀ òfurufú nìkan ló ní owó ọ̀tọ̀, tó ga. Gbogbo ibi yòókù, owó ìlú ni.

Àwọn ilé tuntun tó wà lẹ́bàá omi ní Ocean Terminal àti Port of Leith, ẹ̀rọ agbéniròkè wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Bí ẹ bá sì fẹ́ ata rodo, ẹ̀fọ́, ẹran tí wọ́n gé bí tiwa, ẹ rìn gba Leith Walk, ẹ ó rí ṣọ́ọ̀bù onírúurú orílẹ̀-èdè. Fún oúnjẹ alẹ́, ẹsẹ̀ omi The Shore dára gan-an. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé kùrukùru máa ń wọlé láti inú òkun lójijì, pàápàá nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń wá láti ìlà-oòrùn. Princes Street lè ní oòrùn kí ẹ̀yin ní The Shore má ríran.

Àkànní_Newington
Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin àti tráàmù yín! Òótọ́ lẹ sọ nípa pápákọ̀ òfurufú. Ṣùgbọ́n kí ni ìdílé yìí ń bọ̀ wá ṣe? Ìgboyè ní McEwan Hall ni. Tráàmù kò débẹ̀. Bí wọ́n bá sọ̀ ní St Andrew Square, àfonífojì kan àti òkè kan ló ṣì wà níwájú wọn, nítorí ibùdókọ̀ ojú irin Waverley àti ọgbà Princes Street wà nínú ihò láàárín Old Town àti New Town, ìlú tuntun. Wọ́n á ní láti wọ bọ́ọ̀sì lé e ni.

Newington ni mo fọwọ́ sí. Títì Minto Street àti Mayfield Gardens kún fún ilé àlejò, ilé òkúta ńlá tó ní àgbàlá níwájú. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì ló ń gba ojú títì kan náà lọ sí àárín ìlú. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ nítòsí Nicolson Square, ẹ gba Marshall Street, ẹ dá Potterrow kọjá, Bristo Square ló kàn yẹn, McEwan Hall wà níwájú yín. Kò sí òkè tó le lójú ọ̀nà yẹn. Àwọn bọ́ọ̀sì Lothian náà máa ń rẹlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fún àgbàlagbà, ẹ kàn ní kí awakọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó bọ́ọ̀sì: wọn kì í dá ṣéńjì padà. Owó pípé ni, tàbí káàdì. Káàdì kan, àgbàlagbà kan. Ẹ kò lè fi káàdì ẹyọ kan tẹ̀ ẹ́ fún èèyàn mẹ́rin. Èyí máa ń dá àwọn àlejò láti ilé dúró nítorí ọmọ kan ṣoṣo ló ní káàdì tó ń ṣiṣẹ́. Bí Dádì bá sì fi fóònù tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, kí wọ́n fi fóònù náà tẹ̀ ẹ́ lálẹ́. Bí wọ́n bá yí i sí káàdì, ẹ̀rọ á kà wọ́n sí èèyàn méjì, àdínkù ojúmọ́, ìyẹn iye tí owó bọ́ọ̀sì ọjọ́ kan kì í kọjá, kò sì ní kàn wọ́n.

Fún àwọn Mùsùlùmí tó ń ka èyí: mọ́sálásí ńlá Edinburgh wà ní Potterrow, ó súnmọ́ McEwan Hall pẹ́kípẹ́kí, oúnjẹ hàlálì sì pọ̀ ní Nicolson Square. Lóṣù Keje oòrùn kì í wọ̀ títí di nǹkan bí agogo mẹ́wàá alẹ́, kí ẹ fi sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń yan ibi tí ẹ máa rìn padà sí lẹ́yìn Ìṣáì.

Bímpé_Marchmont
Ẹ̀gbọ́n Àkànní, mo gbà. Ẹ jẹ́ kí n fi Marchmont àti Bruntsfield kún un. Pápá ńlá tí wọ́n ń pè ní The Meadows ló wà láàárín wọn àti yunifásítì, ọ̀nà Middle Meadow Walk sì gba inú rẹ̀ kọjá, abẹ́ igi ni, ó tẹ́jú, ó yọ sí ẹ̀gbẹ́ McEwan Hall. Ìjókòó wà lójú ọ̀nà fún ìsinmi. Ìṣòro Marchmont ni pé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́ta, mẹ́rin ló kún ibẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ nínú wọn. GF tàbí main door nìkan ni kí ẹ wò.

Sẹ́gun_Mọ́tò
Kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ mọ́tò, òun ló sì lè ná yín lówó jù. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2024 ni Edinburgh ti ń mú mọ́tò tí èéfín rẹ̀ pọ̀ ní àárín ìlú, tọ̀sán-tòru, lójoojúmọ́. Dísẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ jẹ́ Euro 6, pẹtiróòlù Euro 4; Euro yìí kì í ṣe owó, ìwọ̀n tí Yúróòpù fi ń díwọ̀n èéfín mọ́tò ni. Dísẹ́ẹ̀lì ọdún 2013, Euro 5 ni púpọ̀ nínú wọn, kò yege. Kì í sì í ṣe bíi ti Lọ́ńdọ̀nù tí èèyàn máa san £12.50 kó sì wọlé. Kò sí owó ìwọlé níbí, ìtanràn ni: £60, tó ń di £30 bí ẹ bá san án láàárín ọjọ́ 14. Bí ẹ bá tún wọ̀ ọ́, ó ń di ìlọ́po méjì, títí dé £480. Ẹni tó bá dé sí Grassmarket pẹ̀lú mọ́tò yín, àtìgbà tó bá ń já ẹrù sílẹ̀ ni ìtanràn ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fi nọ́ńbà mọ́tò yín yẹ̀ ẹ́ wò lórí ojú òpó ìjọba kí ẹ tó gbéra. Old Town wà nínú agbègbè náà. Leith àti Minto Street wà lóde rẹ̀. Ẹ gba òpópónà òde tí ń yí ìlú ká wọlé láti gúúsù, ẹ má jẹ́ kí fóònù mú yín gba àárín ìlú.

Ẹ má sì gbé táyà kankan gun ibi ìrìn ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2024 ni wọ́n ti ń bu £100 lé e, £50 bí ẹ bá tètè san án. Ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé bóyá ibi ìgbọ́kọ̀sí jẹ́ tiyín nìkan. Ilé àlejò oníyàrá mẹ́jọ lè ní àyè mọ́tò mẹ́ta, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín.

Fúnmi_Ọbẹ̀
Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ dáná. Láti oṣù Kejì ọdún 2022, òfin Skọ́tlándì ni pé kí gbogbo ilé ní ẹ̀rọ tó ń ké bí èéfín bá wà, kí wọ́n so gbogbo wọn pọ̀. Bí ọ̀kan bá ké, gbogbo ilé á ké. Ẹ̀rọ ti ilé ìdáná, ooru ló ń ṣọ́. Ti pálọ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń ṣọ́ èéfín. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó fẹ́ din ata ni pé ilé tí ilé ìdáná àti pálọ̀ rẹ̀ jẹ́ yàrá kan ṣoṣo lè máa yọ yín lẹ́nu, nítorí ẹ̀rọ èéfín lè wà lórí àga pálọ̀ níbẹ̀. Ẹ wá èyí tí ilé ìdáná rẹ̀ ní ilẹ̀kùn àti fèrèsé tirẹ̀. Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ ṣí fèrèsé, *kí epo tó gbóná* ni o. Ẹ má fi nǹkan bo ẹ̀rọ náà lójú. Wo àwòrán ilé náà lórí ìpolówó: bí o bá rí síńkì àti tẹlifíṣọ̀n nínú fọ́tò kan náà, fò ó.

Tẹ́jú_Agodi
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti fi Grassmarket sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ń sọ pé ká gba New Town nítorí ó lẹ́wà, àbí hòtẹ́ẹ̀lì tó ní ẹ̀rọ agbéniròkè lórí Royal Mile. Òun fúnra rẹ̀ sì fẹ́ dúró di oṣù Kẹjọ.

Babájídé_EH
New Town lẹ́wà lóòótọ́. Ọdún 1767 ni wọ́n fọwọ́ sí àwòrán ìlú tí James Craig yà fún un, títì rẹ̀ gún régé, kò lọ́ mọ́ra wọn bíi ti Old Town. Ṣùgbọ́n fúláàtì tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n níbẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn: ẹ ó gba ẹnu irin kékeré kan, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn òkúta tóóró tí òjò máa ń rọ̀ sí. Gbogbo títì tó sì lọ sí àríwá láti Queen Street, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni. Stockbridge wà ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Ó dùn ún gbé, ọjà ọjọ́ Àìkú wà, odò Water of Leith ń ṣàn kọjá, ṣùgbọ́n ìrìn padà sí àárín ìlú á mú Màmá mí hẹlẹ.

Hòtẹ́ẹ̀lì Royal Mile ṣeé ṣe bí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá wà lójú títì gan-an. Bí àdírẹ́sì bá ní "Close" nínú, ẹ dúró: ọ̀nà tóóró láàárín ilé ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àtẹ̀gùn, mọ́tò kò sì lè wọ̀ ọ́. Kò sì ní ilé ìdáná.

Ti oṣù Kẹjọ: ayẹyẹ eré àti orin tí wọ́n ń pè ní Fringe àti International Festival, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1947, ló ń gba gbogbo oṣù náà, pẹ̀lú àwọn ológun tó ń lu ìlù lálẹ́ níwájú Castle. Owó yàrá ń fò. Ẹni tó bá fẹ́ dúró, kó kó lọ sí Portobello, etíkun ni, bọ́ọ̀sì 26 ń débẹ̀.

Adéọlá_ìṣirò
Owó orí tuntun wà. Ẹni tó bá sùn sí Edinburgh láti ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2026 lọ máa san 5% lórí owó yàrá, fún òru márùn-ún àkọ́kọ́ nìkan. Yàrá tó jẹ́ £120 lóru, láìka VAT: òru márùn-ún jẹ́ £600, owó orí £30. Òru méje, £30 náà ni. Oúnjẹ àárọ̀ àti owó ìgbọ́kọ̀sí kò sí nínú ìṣirò yẹn. Ìgboyè ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sábà máa ń parí kí ọjọ́ yẹn tó pé, nítorí náà ẹ wo déètì ìwé yín dáadáa.

Fúláàtì àgbàlejò gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìjọba ìbílẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lórí ìpolówó. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ béèrè. Bí onílé bá yí ọ̀rọ̀ padà, ẹ wá ibòmíràn, nítorí ilé tí kò ní àṣẹ lè di èyí tí wọ́n fagi lé nígbà tí ìrìnàjò bá ti kù díẹ̀.

Káyọ̀dé_Holyrood
Bí gbogbo rẹ̀ bá wọ́n jù: yunifásítì náà máa ń yá àlejò ní yàrá ní Pollock Halls, lábẹ́ òkè Arthur's Seat, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lọ fún ìsinmi. Kò jìnnà sí Newington. Ẹ béèrè fún ilé tó ní ẹ̀rọ agbéniròkè.

Tẹ́jú_Agodi
Mo rí méjì. Ọ̀kan ní Newington, main door, yàrá mẹ́ta, ilé ìdáná ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, àyè mọ́tò kan. Èkejì ní Port of Leith, àjà kejì, ẹ̀rọ agbéniròkè wà, ṣùgbọ́n síńkì àti tẹlifíṣọ̀n wà nínú fọ́tò kan náà. Mo ti fẹ́ mú Newington. Onílé fèsì sí ìbéèrè mi: àtẹ̀gùn òkúta mẹ́rin ló wà níwájú ilẹ̀kùn, irin ìdìmú wà lápá òsì bí èèyàn bá ń wọlé. Kò sí àtẹ̀gùn kankan nínú ilé.

Àkànní_Newington
Ẹ mú un. Láti pápákọ̀ òfurufú, ẹ jẹ́ kí Màmá àti Dádì gba tákísì dúdú. Àyè ẹrù wà, èèyàn sì lè béèrè pé kí wọ́n gbé pákó ìwọlé sílẹ̀. Tráàmù á gbé wọn dé Princes Street nìkan, ẹrù ńlá nínú bọ́ọ̀sì lẹ́yìn ìyẹn kò dára.

Fúnmi_Ọbẹ̀
Lọ́jọ́ ìgboyè, Bristo Square ṣí sílẹ̀ gbayawu, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í ṣeré. Kí ẹ fi pín-ìnnì mú gèlè níwájú àti lẹ́yìn. Bàtà pẹlẹbẹ ni kí Màmá wọ̀, nítorí gìgísẹ̀ bàtà tóóró máa ń wọ àlàfo òkúta títò, òkúta náà sì ń yọ̀ bí òjò bá ti kàn án.

Bímpé_Marchmont
Ti àtẹ̀gùn mẹ́rin yẹn: orúnkún ọ̀tún lẹ sọ pé ó ń dùn wọ́n. Bí wọ́n bá ń wọlé, irin á wà lọ́wọ́ òsì. Kí wọ́n di irin mú, kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ òsì gòkè, kí ọ̀tún tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá ń jáde, irin náà á ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, kí òsì tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí ẹnì kan dúró ní ìsàlẹ̀ níwájú wọn, kì í ṣe lẹ́yìn.